Ibi tí Ojúlarí ń fi ikùn lé

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ẹnì kan ò sọ ọ́ fún mi. Bàbá bàbá mi lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Mushin, wọ́n dá Ojúlarí, abo ajá wọn, dùbúlẹ̀, ikùn ń wòkè, ìrù ń lu ilẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Oyún wà nínú ẹ̀. Bàbá fi ìka tú irun abíyá ẹ̀, wọ́n la àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n gbé e símú. Ibẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún.

Àdúgbò ti ní kúrúnà ni. Bàbá mirí.

"Kúrúnà kì í ṣàṣàyàn. Wo ẹ̀yìn ẹ̀ bó ṣe ń dán. Wo etí, kò séèpá kankan. Ibi tó ń kan ilẹ̀ nìkan ló ń yún un. Ilẹ̀ ló yẹ ká bi."

Ilé ìmàle nilé wa. Ìyá àgbà, ìyáálé Bàbá, ò kórìíra ajá, àmọ́ wọn ò fẹ́ kí itọ́ ajá kan ẹni tó ń lọ kírun. Kódà, Bàbá ní bùbá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ajá, orí ìṣó níta ló ń gbé. Láràárọ̀, Ìyá àgbà á da oògùn ìfọlẹ̀ funfun tó máa ń ta nímú yẹn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ gbo ó kíkankíkan. Bó bá ti ń gbẹ báyìí, Ojúlarí á wá fikùn lélẹ̀ síbẹ̀, torí ó tutù.

Bàbá ò bá wọn jà. Wọ́n á dúró kí Ìyá àgbà wọlé, wọ́n á rọra jáde, wọ́n á fi omi lásán ṣan ilẹ̀ náà léraléra. Wọ́n tẹ́ àpò ẹ̀wà fún ajá, wọ́n ń fomi ṣan ikùn àti ẹsẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó yá, ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jọ̀lọ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé wọn ò ní sọ fún Ìyá àgbà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ṣé torí ajá ni kí n ṣe bá ìyáálé mi jà?"

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n Bàbá kú, Bàbá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n dúró ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Kò sẹ́ni tó ṣan ilẹ̀ mọ́. Ikùn ajá pọ́n padà, ó ń họra títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo sọ fún àwọn ará ilé pé ilẹ̀ ni. Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ní, "Dókítà ajá, lọ jókòó." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà, tí mo bá sọ ọ́ lónìí láti Mushin títí dé Ìdí-Àràbà, ta ni yóò já mi níyàn?

Àánú ajá ló ṣe àbúrò bàbá mi. Ó gbé ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò bọ̀ láti ibi iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń wo kúrúnà ajá níbẹ̀ nìyẹn, ó sì fi ra Ojúlarí látàgbọ̀n dé ìrù. Ajá ò mọ̀ ju kó lá ara ẹ̀ lọ. Ó lá a. Ó bì, ó gbọ̀n, kò jẹun mọ́. Kí Bàbá tó dé, ó ti kú.

Bàbá ò pariwo. Báàgì ṣì wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n jókòó síta, tí wọ́n ṣàlàyé ilẹ̀ fún Ìyá àgbà. Ìyá àgbà bi wọ́n pé:

"Ẹ ò ṣe sọ fún mi?"

"Mo rò pé wàá bínú ni."

"Ṣé ẹ bi mí?"



Mi ò kàwé kọjá prámárì mẹ́ta, àmọ́ kò sí alájàá ní Mushin tí kò mọ̀ mí. Wọ́n ń gbé ajá tó ń yún wá bá mi láti Surulere. Ikùn ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Màá béèrè ohun tó ń jẹ, ibi tó ń sùn, ohun tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Tí etí bá ti ń ṣọyún, màá ní kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà. Ohun tí mo bá rí, ojú ẹsẹ̀ ni mo ń sọ ọ́, ì báà dun ìyàwó ilé. Ẹlẹ́nu ni wọ́n ń pè mí. Bàbá lẹ́nu jù mí lọ. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lò ó ni wọ́n fi ṣe pẹ̀lẹ́.

Ajá kan lọ. Àwọn ọmọ inú ẹ̀ lọ, a ò mọ iye wọn. Bàbá ò sì sin òmíràn mọ́ títí wọ́n fi kú.