Èsì fún Ọmọ Ogun Ayaba

Láàárín àwa tí à ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní àdúgbò Sotega, ẹni tó bá dàgbà jù ló ń mú funfun. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ pé kí àgbàlagbà mú dúdú, kí ọmọdé máa ṣíwájú rẹ̀? Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí mo fi bá bàbá káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ta á, dúdú ni tèmi. Dúdú ọ̀hún ò tilẹ̀ dúdú. Ègé igi pupa tó ṣẹ́ kù nídìí iṣẹ́ ló fi gbẹ́ ẹ.

Nàgó ni bàbá, láti Bẹ̀nẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ lèmi. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ lọ́sàn-án, á gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lórí àga, màá kúnlẹ̀ kí i, a ó jókòó. Á wá ti ọmọ ogun tó wà níwájú ayaba rẹ̀ síwájú ní ilé méjì. Ojoojúmọ́ ni. Tí mo bá ráhùn, á ní, "Ọ̀nà tí mo mọ̀ ni mò ń tọ̀."

Mo fẹ́ borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kúrò láyé. Èsì tí màá fún ọmọ ogun yẹn ni mò ń wá kiri. Màá ti tèmi pàdé tirẹ̀, á sì gbé òmíràn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi pé ó fẹ́ fi ta mí lọ́rẹ. Nígbà àkọ́kọ́, mo jẹ ẹ́, mo kí ara mi kú oríire. Kí n tó gbójú sókè, àwọn èèyàn rẹ̀ ti gba gbogbo àárín pátákó. Mo jáwọ́ nínú ọ̀fẹ́. Mo wá ń fi ọmọ ogun ọba ti èyí tó wà láàárín lẹ́yìn. Ìyẹn le dáadáa, àmọ́ ó há bíṣọ́ọ̀bù mi mọ́lé. Bàbá á wò ó, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bíṣọ́ọ̀bù rẹ mà ti sùn." Inú á sì bí mi.

Ibi tí mo ti ń lẹ aṣọ sẹ́yìn igun àpò ṣòkòtò kan, kó má baà ya, ló ti yé mi. Èèyàn lè ti nǹkan lẹ́yìn láì dí ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ogun tó wà níwájú bíṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ni mo sún síwájú ní ilé kan. Ó ti ti àárín lẹ́yìn, ọ̀nà bíṣọ́ọ̀bù sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Bàbá wò ó títí.

"Dusumáà, ọmọ mi," ó fi èdè ilé rẹ̀ yìn mí. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ṣòkòtò ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ṣì borí mi lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀mì la sábà máa ń ta, inú mi a sì máa dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Nígbà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ nílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó máa lọ, ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo, àga méjì àti pátákó nìkan ló kù. Ó yí pátákó náà padà, funfun sì bọ́ sọ́dọ̀ mi.

"Bàbá, kò yẹ bẹ́ẹ̀."

"Mo ní kí o ṣí i."

Ọwọ́ mi dúró lófuurufú. Èsì nìkan ni mo mọ̀, n kò mọ ìbẹ̀rẹ̀. Mo bá ti ọmọ ogun ayaba. Ó ti tirẹ̀ pàdé mi, mo gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló bá sún ọmọ ogun iwájú bíṣọ́ọ̀bù ní ilé kan. Àlẹ̀mọ́ mi nìyẹn. Mo wò ó títí, n kò rí ibi tí mo lè gbà.

"Bó ṣe máa ń rí lójú tèmi nìyẹn," ni bàbá wí. "Mi ò rí ọ̀nà rẹ̀ títí dòní."

Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀mì la ta.

Pátákó náà wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn tó ń wá bá mi ta á báyìí kéré sí mi lọ́jọ́ orí, èmi ni wọ́n sì ń fi funfun sílẹ̀ fún. Ó ń wù mí kí n tún rí ẹnì kan tí màá mú dúdú fún.