Ìwé tí Ọmọ Mi Kọ nípa Jẹjẹrẹ Ọmú

Láàárín àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Anago ní Bouaké níbí, jẹjẹrẹ kì í pa obìnrin. Ògbómọ̀ṣọ́ la máa ń gbé e lọ kú sí. Bí kókó bá ti yọ sí i lọ́mú, tí kò fẹ́ lọ, ẹbí á ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì fún un, ó di ilé. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ lọ́jà, "Ó ti lọ sílé" là ń wí, a ó sì máa bá ọjà wa lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe lọ. Ìjọba ti lé wọn kúrò ní Gana rí, wọ́n wá fi Bouaké ṣe ibùgbé, àwa ọmọ wọn tún kó wọn sọ́kọ̀. Wọn ò padà wá mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá ṣèwádìí. Èmi ni mo tọ́ ọ, ẹ̀yìn mi ló sùn dàgbà ní àdúgbò Sokoura. Ó kàwé kàwé, ó di dókítà tí kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wádìí àwọn tí jẹjẹrẹ ń mú àti ibi tó ti ń mú wọn jù. Ó ní òun fẹ́ kọ ti Bouaké síwèé, kí ìjọba lè mọ ibi tó yẹ kí ọkọ̀ àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ máa yà sí. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́. Mo ti ìsọ̀ aṣọ mi, mo ń mú un wọlé àwọn èèyàn wa.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ní jẹjẹrẹ nínú ilé yìí?"

"Ó tì o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ohun tí gbogbo wọn ń wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jáde, èmi á sọ òótọ́ fún un: ìyàwó ilé yìí lọ, ìyá àgbà tọ̀hún náà lọ. Mo sọ ti ìyá mi pẹ̀lú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Tàntí, àwọn tó lọ yìí gan-an niṣẹ́ mi. Ẹni tí ò bá kà wọ́n, irọ́ ló kọ."

Nígbà tí ìwé náà jáde, a pa àgbò. Ta ló lè ka Faransé tó fi kọ ọ́ nínú àwa àgbà? Fọ́tò rẹ̀ là ń wò lórí fóònù, à ń ṣàdúà fún un. Èmi ni mo pariwo jù.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń wẹ̀, ọwọ́ mi kan kókó kan lọ́mú mi. Mo ní kò burú, ọkọ̀ àyẹ̀wò ń bọ̀. Ọkọ̀ lọ sí Diabo, ó lọ sí Bodokro, kò yà sọ́dọ̀ wa. Mo tọ nọ́ọ̀sì tó ń bá a rìn lọ.

"Ẹ̀yin Anago?" Èdè Jùlá ló fi dá mi lóhùn. "Àìsàn yìí kì í sábà mú yín. Ìwé ọmọ yín ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo délé, mo ní kí ọmọbìnrin mi ka ìwé náà fún mi látòkè délẹ̀. Kò sí ìyá mi níbẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú gbogbo àwọn tó lọ.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Wàláhì, mo bú u títí ohùn mi fi ha.

"Tàntí, ẹ má bínú. Àwọn àgbà wa ló pè mí. Wọ́n ní bí mo bá kọ ọ́, ta ni yóò fẹ́ àwọn ọmọbìnrin wa? Ojú wọn ni mo wò."

"Ojú tèmi ńkọ́? Ṣebí ìwọ lo ní ẹni tí ò bá kà wọ́n, irọ́ ló kọ!"

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ọmọ tí mo pọ̀n! Mo wá sọ ti kókó náà fún un. Mo gbọ́ tó ń fa imú. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, Tàntí. Màá ra tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ lọ sílé, kí ẹ lọ sinmi."

Mo jókòó sórí àpótí. Mo ní, "Mi ò lọ síbì kankan. Ọsibítù ni mò ń lọ lọ́la, ní Bouaké níbí. Gbé bírò rẹ, kí o wá kà mí."