Koríko Inú Àwọ̀n Bàbá Mi

Òórùn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Láti Ibafo ni mo ti wọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé yẹn, mo fẹ́ lọ mú bàbá mi kúrò létí òkun wá sọ́dọ̀ mi. Apẹja ni. Láti ìgbà tí koríko òkun ti ń ya wọlé ni ẹja ti ń sá fún àwọn apẹja ibẹ̀, mo sì ti ń bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n etí ikún ló kọ sí mi.

Koríko náà pupa rúsúrúsú, ó bo etí omi, ó ga dé orúnkún, ó ń jẹrà nínú oòrùn. Eṣinṣin ń ṣe fàájì lórí rẹ̀. Bàbá mi jókòó sórí ọkọ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, orúnkún mi méjèèjì sì rì sínú ìdọ̀tí yẹn. N ò mọ̀ bóyá kí n kí i ni, àbí kí n bì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"A ó fa àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i," ló fèsì. "Bó bá mú ẹja, ìwọ nìkan lo máa padà. Bí kò bá mú un, màá tẹ̀ lé ẹ."

Níbẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn àwọ̀n gbọ́dọ̀ fà á dé òpin, yóò sì gba ìpín tirẹ̀, ì báà jẹ́ àlejò. Bàbá mi na okùn sí mi. Okùn náà ń yọ̀ bí ikun imú. Mo ń fà á, mo ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí àwọ̀n náà má mú nǹkan kan. Ó wá ń wúwo. Àwọn obìnrin gbé abọ́, wọ́n sáré wá. Bàbá mi rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́.

Àwọ̀n dé ilẹ̀, koríko ni. Koríko, ọ̀rá píọ́wọ́tà, àti ṣáwá díẹ̀ tó ti kú sínú ẹ̀, ojú wọn funfun. Wọ́n ṣáà pín in, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n kó tèmi lé mi lọ́wọ́, ó sì ń rí mi lára. Mo kórìíra koríko yẹn, mo kórìíra òkun tó kó o wá. Bàbá mi ń já a kúrò lára àwọ̀n rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ó bá mi wá sí Ibafo. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo fi títù se ọbẹ̀ ata tó ta sánsán. Bàbá mi gbé abọ́ súnmọ́ imú, ó sì rọra tì í sẹ́yìn.

"Ṣé ẹja yẹn ò dáa ni, Bàbá?"

"Ó dáa. Gbogbo ẹja ló ń rùn bíi koríko yẹn sí mi báyìí."

Ẹja ló fi tọ́ wa dàgbà; a kì í jẹ ẹran nílé wa àfi tọ́dún bá dé. Ó ní bí mo bá tún ń lọ sọ́jà, kí n bá òun ra pọ̀nmọ́.