Eyín Lẹ́sẹ̀ Oníjàkadì

Bí ẹ bá ní ọmọlangidi oníjàkadì tó ti pẹ́, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà tí èmi fúnra mi wà ní kékeré, tí apá rẹ̀ ti yọ, tí ọ̀dà ojú rẹ̀ sì ti hó, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ gbé e wá fún mi kí ẹ máa lọ. Mo mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ lè ní mò ń fọ́nnu. Ó dáa, iṣẹ́ ọwọ́ mi wà lórí pẹpẹ, ẹ wá fojú ara yín rí i.

Ṣọ́ọ̀bù wa wà ní Ṣómólú, láàárín àwọn atẹ̀wé. Èmi àti ọkọ mi la jọ ń ṣe é. A máa ń fi fọ́ìlì aláwọ̀ wúrà tẹ orúkọ sára ìwé ìpè ìgbéyàwó àti èèpo ẹ̀yìn ìwé. Fọ́ìlì tó bá ṣẹ́kù ni mo fi ń ṣe bẹ́líìtì fún àwọn ọmọlangidi mi, awọ tí àwọn oníbàtà ní Fádèyí bá sì gé dànù ni mo fi ń rán bàtà wọn. Inú bélì nǹkan ìṣeré tòkunbọ̀ ni mo ti ń ṣà wọ́n. Àwọn tó ń tú bélì ní Onípánu ti mọ̀ mí. Bí wọ́n bá ti rí ọkùnrin rọ́bà kan tó di ẹ̀ṣẹ́, wọ́n á ní, "Ìyá oníjàkadì, ẹ wá wo èèyàn yín o."

Omi gbígbóná ni iṣẹ́ náà. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi ọ̀bẹ yọ apá, wọ́n á wá ya èjìká ọmọ ọlọ́mọ. Èmi á rọra tẹ̀ ẹ́ sínú omi tó gbóná dáadáa, rọ́bà á rọ̀, apá á yọ wẹ́rẹ́. Mo lè wá ki apá ẹlòmíràn bọ̀ ọ́, bó bá ti tutù, ó di mú nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo máa fi ọ̀dà kùn ún lára, kí n sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ fa àbàjà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Òyìnbó tó bá wọ inú omi mi, ará Ọ̀yọ́ ló ń jáde.

Màmá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Bàrígà, kì í gbóríyìn fún mi bọ̀rọ̀. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, láti ìlú kan lọ́nà Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá sí Èkó nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Wọ́n á mú ọmọlangidi kan nílẹ̀, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á ní, "Àbàjà rẹ wọ́. Ta ló kọ èyí fún un, olóòlà àbí afọ́jú?" Mo sì máa ń tún un ṣe, torí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀kan wà tí n kì í gbé sórí pẹpẹ. Inú agolo mílíìkì ló ń gbé, nínú dúrọ́ọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ara ẹ̀ ni mo ti kọ́ pé omi gbígbóná ń sọ rọ́bà di ẹ̀kọ.

Bàbá mi ló rà á fún mi nígbà tí gbogbo àgbàlá wa máa ń kóra jọ wo rẹ́sílìn nínú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, ó já bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi ìwẹ̀ tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Bí mo ṣe fi igi yọ ọ́ jáde tó sì tutù díẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin já a gbà, ó sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ẹnu. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín ni, kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ó gé e jẹ, ó dì í mú, ó kọ̀, kò tu ú sílẹ̀. Nígbà tí a máa fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, rọ́bà ti le, ojú eyín rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀. Mo sunkún títí. Màmá mi ń rẹ́rìn-ín.

Kí òjò ọdún náà tó dá, ibà ti gbé àbúrò mi náà lọ.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Àwọn òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kó aṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n dáná sun fọ́tò kan ṣoṣo tó ní, kí ojú má baà máa rí i. Àwọn àlejò ń wọlé, wọ́n ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé wa. Èmi ni mo fi ọmọlangidi náà sábẹ́ aṣọ, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ yẹn ṣe láyé, ojú eyín yẹn nìkan ló kù.

Mi ò sọ fún ọkọ mi rí. Nílé tiwa, a kì í sọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìbí mi lọ́dún yìí, ọkọ mi gbé agolo náà wá bá mi nílé, ojú ẹ̀ ń dán. Ó ní gbogbo ayé ni mò ń bá tún tiwọn ṣe, tèmi wá wà nínú agolo láìtún ṣe. Ó ti bá mi tún un ṣe. Ó ti fi gọ́ọ̀mù oníméjì tí wọ́n ń pò pọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń dí táǹkì tó jò, dí àwọn ihò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti fi sánpépà ha á, ó dán mọ́nránmọ́nrán. Ó tiẹ̀ fún un ní bẹ́líìtì wúrà.

Ọ̀rọ̀ tó wá sẹ́nu mi, bí mo bá sọ ọ́, a ò bá má tíì parí ìjà yẹn dòní. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Mo ní, "Ẹ ṣé, Dádì," mo sì gba ilé ìdáná lọ jókòó. Ó tẹ̀ lé mi. Nígbà tó bèèrè ohun tó ṣe mí lẹ́ẹ̀kejì, mo sọ ohun tó wà lẹ́sẹ̀ náà fún un. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ọ̀bẹ ló kàn nawọ́ sí. Ó fẹ́ fi ha gọ́ọ̀mù náà kúrò.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni mo wí.

Ọ̀bẹ á ya á. Bí mo bá sì da omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà rẹ́ sí i, á jẹ rọ́bà náà wọra. Ṣùgbọ́n mo mọ nǹkan kan. Gọ́ọ̀mù yẹn ń di irin mú, ó ń di igi mú, àmọ́ rọ́bà tó bá ti pẹ́ máa ń làágùn epo, kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú un dáadáa. Ó ti sú mi láti máa sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n yé fi í lẹ ọmọlangidi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo dúpẹ́ pé ọkọ mi kò mọ iṣẹ́ mi.

Mo gbé omi kaná. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ ohun tó ń ṣe. Mo tẹ ẹsẹ̀ náà sínú omi títí ó fi rọ̀, mo sì fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù náà ta jáde lódindi, ó bọ́ sí mi látẹ́lẹwọ́. Mo wo ẹsẹ̀: ojú eyín wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Gọ́ọ̀mù ti wọ inú gbogbo ihò náà, ó sì ti gbẹ síbẹ̀. Ohun tó jẹ́ ihò lẹ́sẹ̀ ọmọlangidi ti dìde dúró. Eyín ni. Eyín ọmọdé, wínníwínní, lórí èrìgì, ọ̀kan nínú wọn dagun díẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wò?" Màmá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá bu omi tíì.

Ọwọ́ mi fẹ́ padé. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ yìí wá. Mo la ọwọ́ mi fún wọn.

Wọ́n mú un lọ sójú fèrèsé. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, wọ́n dúró lórí èyí tó dagun. Ọkọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fojú dá a dúró. Màmá mi gbé ọwọ́ kejì lé ọmú wọn òsì.

"Èyí tó wọ́ yìí," ni wọ́n wí. "Òun ló máa ń gé mi lọ́mú jẹ."

Lẹ́yìn náà, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, bí ẹni ń pe ọmọ wọlé wá jẹun.