Ohun Tí Màmá Oǹdó Rí Nídìí Eyín Mi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé ní Àkúrẹ́, eyín mi ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí èmi fúnra mi tó wọlé. Méjì iwájú lókè yọ síta bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé, àwọn ti ìsàlẹ̀ sì há mọ́ra, wọ́n gun ara wọn. Ehoro ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí orúkọ ìnagijẹ ṣe máa ń rí: bí tíṣà bá na ẹni tó pè é lónìí, ẹni mẹ́wàá ni yóò pè é lọ́la.

Àdúgbò Ìjàpò ni ilé wa wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Dádì, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni wọ́n. Mọ́mì jẹ́ ọmọ Oǹdó. Odidi ọdún kan ni mo fi bẹ Mọ́mì kí wọ́n tó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ wáyà tó ń to eyín mọ́ eyín mi, mo rẹ́rìn-ín títí ètè mi fi gbẹ. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹnu ti ń ro mí débi pé ògì nìkan ni mo lè gbé mì. Òfin tuntun sì dé: kò sí ẹ̀pà mọ́, kò sí ìrèké, kò sí egungun ẹran, kò sí àgbàdo sísun, bẹ́ẹ̀ ìgbà òjò ni, èéfín àgbàdo sì ń rú ní gbogbo oríta. Mọ́mì máa ń fi ọ̀bẹ ha àgbàdo sísè sínú abọ́ fún mi, èmi a sì fi ṣíbí jẹ ẹ́ bí arúgbó.

Dókítà fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ó kìlọ̀ pé kí n máa fọ ẹnu jẹ́jẹ́, nítorí ẹran ìdí eyín kò fẹ́ agbára. Mo gbọ́ràn fún oṣù díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀fọ́ tí mo jẹ ní àkókò ìsinmi há sí wáyà, n kò sì mọ̀. Tíṣà ní kí n dìde kàwé sókè. Bí mo ṣe la ẹnu, ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ehoro ti jẹ koríko dé!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, tíṣà pàápàá yíjú sí bọ́ọ̀dù kí a má bàa rí ẹ̀rín tiwọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tì. Mo ra èyí tó le bí ìgbálẹ̀, ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni mo sì ń fi gbo eyín, ti ilé ìwé wà lára rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, mo máa ń sọ fún ara mi pé ìdọ̀tí ló ń jáde.

Nígbà tó yá, mo rí i nínú dígí pé eyín ìsàlẹ̀ kan gùn ju èkejì rẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ń dàgbà ni. Ọjọ́ tí omi tútù kàn án, tó ta mí dé àárín orí, ni mo tó mọ̀ pé eyín kọ́ ló gùn. Ẹran ìdí rẹ̀ ló ń sún kúrò, tí gbòǹgbò ń yọ síta. Mo yá fóònù Mọ́mì, mo wá ọ̀rọ̀ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo kà á pé ẹran tó bá ti lọ kì í hù padà, àti pé nígbà mìíràn, wọ́n lè yọ wáyà náà kúrò. Kí wọ́n yọ wáyà kẹ̀? Kí n tún padà di Ehoro? Mo pa ẹnu mi dé. Àsìkò náà sì ni dókítà wa kó lọ sókè òkun. Oṣù mẹ́rin kọjá kí òmíràn tó dé, mo sì ka ìyẹn sí oríire.

Inú oṣù mẹ́rin náà ni họlidé bọ́ sí, ni wọ́n bá mú mi lọ sí Oǹdó sọ́dọ̀ ìyá Mọ́mì, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Màmá Oǹdó ni mo ń pè wọ́n. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Nígbà iṣẹ́ wọn, gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n máa ń to àwọn ọmọ sórí ìlà, tí wọ́n á wo èékánná, irun àti eyín. Iṣẹ́ ni wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀, ojú wọn kò fẹ̀yìn tì.

Mo fẹ́ràn ilé yẹn gan-an. Mo fẹ́ràn òórùn kòkó tí aládùúgbò sá síta, tó máa ń kan nímú díẹ̀. Èmi ni mo ń gbá àgbàlá ní kùtùkùtù, bí n kò bá sì gbá a dé abẹ́ igi máńgòrò, màá tún un gbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, èmi àti Màmá la jọ ń gún iyán, wọ́n a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Àkúrẹ́ ń fi ọmọ odó pa kòkòrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ń mu ògì pẹ̀lú àkàrà. Bí ògì gbígbóná ṣe kan eyín yẹn, mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Màmá gbé ṣíbí wọn sílẹ̀.

"Lanu."

"Màmá, kò sí nǹkan kan."

"Mo ní kí o lanu."

Wọ́n fa ètè ìsàlẹ̀ mi wálẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. "Ìdí eyín rẹ ti ń ṣí. Ṣé ìyá rẹ mọ̀?"

Mo ní wọn kò mọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má sọ. Wọ́n ní àwọn yóò pe Àkúrẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìbẹ̀rù mú mi, mo bá la ẹnu sọ pé, "Kí lẹ mọ̀ nípa eyín, ẹ̀yin tí eyín yín ti tán lẹ́nu?"

N kò tíì sọ ọ́ tán tí mo ti wà lórí eékún. Ìgbátí ni mo ń retí. Ṣùgbọ́n Màmá kàn yọ eyín àtọwọ́dá wọn, wọ́n gbé e sórí aṣọ ìnujú níwájú mi.

"Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ẹ̀jẹ̀ ń jáde, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni." Wọ́n dá eyín náà padà sẹ́nu. "Mi ò ní pe ìyá rẹ. Ìwọ ni kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, lọ́jọ́ tí o bá délé."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá."

Mo délé, n kò sọ. Mo ní kí ìdánwò kọjá, ó kọjá. Mo ní kí ọjọ́ ìbí mi kọjá. Òun náà kọjá. Nígbà tí dókítà tuntun fi máa wo ẹnu mi, eyín méjì ni ìdí wọn ti ṣí. Ó bi mí pé láti ìgbà wo. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà wo Mọ́mì, ó ní ó ti tó oṣù mélòó kan, Mọ́mì wò mí. Nínú mọ́tò níwájú ọsibítù ni Mọ́mì ti pe Oǹdó, wọ́n fi fóònù sí sípíkà.

"Màmá, ṣé ẹ rí ẹnu ọmọ yìí nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín?"

"Mo rí i."

"Ẹ rí i, ẹ ò sì pè mí?"

Màmá dákẹ́. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń dúró dè. "Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ": gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ kò ju ìyẹn lọ. N kò sọ ọ́.

"Ẹ̀bi mi ni," ni Màmá wí nígbẹ̀yìn. "Má nà án."

Mọ́mì, tí n kò gbọ́ kí wọ́n gbóhùn sókè sí ìyá wọn rí, gbé e sókè lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹni tó ń wo eyín ọmọ ọlọ́mọ kò ka ti ọmọ ọmọ tirẹ̀ sí. Èmi ń wo ìta bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀. Wọn kò yọ wáyà. Dókítà kàn dẹ̀ ẹ́, ó tún kọ́ mi bí a ṣe ń fọ ẹnu, ó ní ká ní a tètè wá ni, kò ní dé orí eyín kejì. Ṣùgbọ́n Mọ́mì kò jẹ́ kí n lọ lo họlidé ní Oǹdó mọ́.

Yunifásítì ni mo wà nígbà tí mo tó jẹ́wọ́, lọ́jọ́ kan tí èmi àti Mọ́mì ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ wọn dúró nínú àtẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gba Oǹdó lọ. Mo ní mo ní ìdánwò. N kò ní ìdánwò kankan. Ojú ló ń tì mí. Nígbà tí wọ́n dé, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní Màmá ti dárí jì wọ́n kí wọ́n tó jókòó, ohun tí Màmá sì ń béèrè ṣáá ni pé, "Ọmọ náà dà? Kí ló dé tí kò bá ọ wá?" Mo ní màá lọ ní Kérésìmesì. Màmá kò dúró de Kérésìmesì.

Lóde òní, wáyà eyín ti di ọ̀ṣọ́ ní Àkúrẹ́. Àwọn ọmọ ń fi rọ́bà pupa àti búlúù sí i, wọ́n ń lanu gbàgà ya fọ́tò, kò sì sí ẹni tó ń pè wọ́n ní ẹranko. Bí ìdí eyín bá dun ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, á pariwo títí gbogbo ilé fi máa gbọ́. Inú mi sì máa ń dùn sí ariwo náà. Eyín tèmi gún régé, àwọn èèyàn ń yìn ín. Méjì ìsàlẹ̀ nìkan ni n kì í jẹ́ kí omi tútù kàn.

Àwọn ayálégbé ló wà nínú ilé Màmá báyìí. Bí mo bá lọ sí Oǹdó, mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. N kì í dúró.