Iná Ìdí Ààrò Ìyá Àgbà

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn èéfín èèpo èkùrọ́, ọkàn mi á sá padà sí ìdí ààrò ìyá ìyá mi ní Ìlá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń bó ẹ̀gúsí níbẹ̀. Bùrọ̀dá, àbúrò ìyá mi ọkùnrin tó ti ogun Bọ́má bọ̀, gbé igbá ẹmu dání, ó ń sọ fún wa nípa orílẹ̀-èdè kékeré kan tí àwọn ńlá ń jà yí ká, tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

"Ojo ni wọ́n," ni Bùrọ̀dá wí.

Ìyá àgbà ní, "Bóyá wọ́n bímọ sí ìhà méjèèjì."

Agboolé méjì tó yí wa ká ń jà nígbà náà lórí oko obì, wọ́n sì ti kìlọ̀ fáwọn ìyàwó ilé wọn pé wọn ò gbọdọ̀ kí ara wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin kan wà nílé ọkọ níhìn-ín, èkejì wà lọ́hùn-ún.

Kò pẹ́, àwọn méjèèjì wọlé tàwọn ti àpáàdì lọ́wọ́.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá. Iná wa tún kú o."

Ìyá àgbà ò kánjú. Wọ́n ń rọra fẹ́ iná náà bí ẹni pé kò tíì pọ́n. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò jókòó sórí àpótí kan ṣoṣo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń tún gèlè èkejì wé.

Àánú wọn ṣe mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ n máa wá bá yín ṣọ́ iná yín, kó má baà kú mọ́."

"Jẹ́ kó máa kú, ọmọ mi," ni Ìyá àgbà wí.

Èmi náà ti wà nílé ọkọ kí n tó mọ̀ pé iná ò kú rí nílé àwọn méjèèjì.