Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọkọ̀ Omi Tí Ó Gbé Pákó Èkó Dé Etí Aṣálẹ̀

Ìbíkúnlé ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kí ó tó rí omi tí ènìyàn kò lè fi ẹsẹ̀ là kọjá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i. Odò tí ó mọ̀ nílé ni èyí tí àwọn obìnrin ń gbẹ́ iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó rí omi bù. Nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ omi kíkàn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Igbókòdá, ó dúró sí etí omi. Ó rò pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ayé parí sí.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ilé kan náà ni èmi àti òun jọ ń gbé ní Sùúrùlérè láti ọdún 1992. Èmi wà nísàlẹ̀, òun àti Kíkẹ́lọmọ ìyàwó rẹ̀ wà lókè. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ, mo sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó, nítorí pé ohun tó ya ẹnì kìíní lẹ́nu kọ́ ló ya ẹnì kejì lẹ́nu.

Ọdún mẹ́fà ni ó lò ní Igbókòdá. Tó bá ń sọ nípa ibẹ̀, òjò ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ní òjò lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kí ó má dá títí di Ọjọ́rú. Bàtà tí o bá bọ́ sí abẹ́ ibùsùn yóò hu funfun bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ lé e lórí. Odò ibẹ̀ dúdú, ó dákẹ́, igi sì bo orí rẹ̀ bí òrùlé. Kò sí ìgbì, kò sí ìjì. Kùkùté igi tó rì sábẹ́ omi nìkan ni ọlọ́kọ̀ ń bẹ̀rù. Bí pákó ibẹ̀ ti tutù tó, tí o bá fi ayùn là á, omi á máa kán sí ọ lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn tó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wá sí Èkó, ó rí iṣẹ́ sí Òkò Bàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú létí ọ̀sà. Ojú ọjọ́ Èkó tún jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Níbí, atẹ́gùn ló ni omi. Ní òwúrọ̀ ọ̀sà á tẹ́ rọrọ bí abọ́ ọbẹ̀ tó ti dì, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn á dé láti òkun, ọ̀sà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Iyọ̀ a máa jẹ ìṣó. Kòkòrò kan wà nínú omi oníyọ̀ tí í gbẹ́ inú pákó láti ẹ̀yìn wá, tí ìwọ á máa wo ọkọ̀ tó dára lójú, àṣé inú rẹ̀ ti di afárá oyin. Ìbíkúnlé kọ́ bí a ti ń fi òwú dí ojú pákó, bí a ti ń kun ọ̀dà, irú ìrókò tí ó lè dúró àti irú ọ̀gánwó tí kò ní yẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1985, kò sí ẹni tó ń la gẹdú ní Òkò Bàbá tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìwáyà ní Yábàá ni ó gbé ìyàwó sí, nínú yàrá kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kò gbẹ rí. Ibẹ̀ ni làkúrègbé ti mú Kíkẹ́lọmọ lórúnkún. Kò tíì pé ogójì ọdún. Tí òjò oṣù kẹfà bá ti dé, orúnkún méjèèjì á wú bí àgbọn, igi ni yóò sì fi máa tilẹ̀ lọ sí balùwẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí kò lè lóṣòó fọ abọ́. Dókítà tó rí i ní Ìdí-Àràbà fún un lóògùn, ó sì ní kí ó sá fún ibi tó bá tutù. Kíkẹ́lọmọ ní, "Dókítà, ibo ló gbẹ ní Èkó?"

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, obìnrin kan tí ó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọ̀yìngbò wá bá Ìbíkúnlé ní Òkò Bàbá. Àrìnpé ni orúkọ rẹ̀. Bàgá ni ẹja rẹ̀ ti ń wá, ìlú kan létí Adágún Ṣáàdì ní òpin ilẹ̀ Nàìjíríà lókè lọ́hùn-ún, níbi tí aṣálẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Mo fẹ́ ní ọkọ̀ tèmi lórí omi yẹn," ni Àrìnpé wí. "Igi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹ kàn án fún mi níbí, ká gbé e lọ."

"Àǹtí, ṣé ọkọ̀ omi lẹ fẹ́ fi lọ́rì gbé lọ sí aṣálẹ̀?"

"Àwọn ẹja tí ẹ̀ ń jẹ yìí ńkọ́? Ṣé inú iyanrìn ni wọ́n ti ń wẹ̀?"

Oṣù mẹ́ta ni ó fi kàn án. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógún, kò sì sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà wọlé lára rẹ̀. Ọlápàdé ni awakọ̀ tí yóò gbé e lọ, ọkùnrin kan tí ó ti ń ná ọ̀nà Màídúgùri fún ọdún mẹ́wàá tí ó sì gbọ́ èdè ibẹ̀. Nígbà tí ó wá wo ẹrù, ó sọ̀rọ̀ kan lójú Kíkẹ́lọmọ láìmọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀ ńlá. Ó ní, "Tí ẹ bá sá aṣọ ní Bàgá, kí ẹ tó yíjú padà ó ti gbẹ."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Kíkẹ́lọmọ di ẹrù rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó dúró, ó ní ọ̀nà jìn. Ó dá a lóhùn pé, "Bàbá Ṣìmí, bí mo bá dúró, orúnkún mi ló dúró." Wọ́n fi Ṣìmí ọmọ wọn sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, wọ́n sì gbéra ní oṣù kìíní ọdún 1987.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n lò lójú ọ̀nà. Ìbíkúnlé jókòó sẹ́yìn lọ́rì pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wo bí igi ṣe ń kúrú. Ní Ìlọrin igi ṣì ga. Lẹ́yìn Jọ́ọ̀sì, igi ò ga ju ènìyàn lọ mọ́. Lẹ́yìn Màídúgùri, ẹ̀gún nìkan ló kù, ojú ọ̀run sì di funfun nítorí eruku ọyẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbọ́ ìró kan, kẹ́! Ó rò pé táyà ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ni. Pákó kan ti là láti òkè dé ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Bàgá, òòrùn ń wọ inú ojú pákó mẹ́rìnlá, ó sì ń tàn sínú ọkọ̀. Òwú ti bọ́ jáde. Ìbíkúnlé lè ki ìka bọ àárín pákó sí pákó. Ó yíjú kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí omijé rẹ̀.

Àmọ́ kí ó tó sunkún tán, ó gbójú sókè láti wá adágún, kò rí i. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, ó tẹ́ lọ títí ojú fi tán níbẹ̀. Lórí ilẹ̀ yẹn, ọkọ̀ omi tò kiri, ogún, ọgbọ̀n, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ewúrẹ́ sì sùn sí abẹ́ òjìji wọn.

"Omi dà?" ni ó bi Ọlápàdé.

"Ó ti lọ síwájú. Ọ̀dá tó mú lọ́dún 'jọ́sí ló lé e. Ìrìn wákàtí méjì sí mẹ́ta ni."

Ìbíkúnlé jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun ti rí omi tó gbé ènìyàn lọ, òun ti rí omi tó jẹ ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ pé omi lè ká ẹní rẹ̀ kó sì fi ìlú sílẹ̀.

Apẹja àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Módù ló wá wo ọkọ̀ náà. Ó fi ọwọ́ ra pákó, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀. Ọlápàdé túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní kò bàjẹ́. Ó ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ó ní kí ẹ rì í."

"Kí n fi ọwọ́ ara mi ri ọkọ̀ tí mo fi oṣù mẹ́ta kàn?"

Bàbá Módù tún sọ̀rọ̀, ó sì ka ìka mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́jọ.

Wọ́n gbé e lọ sí etí omi. Ìbíkúnlé fi pákó kékeré di ibi tó là, wọ́n wá kó àpò iyanrìn sínú ọkọ̀, wọ́n sì tì í sínú adágún. Ó rì. Ìbíkúnlé dúró títí omi fi bo imú ọkọ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni kò fi jẹun dáadáa. Kíkẹ́lọmọ ní ńṣe ló ń lọ wo ojú omi náà láàárọ̀ bí ẹni tó lọ kí òkú.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n kó iyanrìn jáde, wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n sì gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù. Gbogbo wọn dúró. Inú ọkọ̀ náà tutù, ṣùgbọ́n omi kankan kò wọlé mọ́. Pákó ti mu omi yó, wọ́n ti wú, wọ́n ti fún ara wọn mọ́ra ju bí òun ti fún wọn ní Òkò Bàbá lọ. Ìbíkúnlé wọ inú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì gbé etí lé ilẹ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Módù nínú ẹrẹ̀.

Bàbá náà ló mú un lọ sáàárín adágún. Ohun tí ó rí níbẹ̀, títí dòní tó bá ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀. Wọ́n rìn títí tí wọn kò fi rí ilẹ̀ mọ́ ní ìhà kankan, síbẹ̀ ọ̀pá ni bàbá náà fi ń ti ọkọ̀, ọ̀pá yẹn sì ń kan ilẹ̀. Ó bọ́ sínú omi nígbà kan, àyà rẹ̀ ló mọ. Ó rí erékùṣù tí ewéko àti esùsú hù lórí rẹ̀, ẹyẹ ń kọrin níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ní ọ̀sán, erékùṣù náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó léfòó ni, atẹ́gùn ti tì í lọ. Ó rí ọkùnrin kan tí ó gbé ìtì igi tó gùn jù ú lọ sí èjìká kan, tí ó ń rìn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìbíkúnlé ní kí ó gbé e fún òun. Ó múra, ó sì gbà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, àfi bí ẹni pé ìyẹ́ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Igi tí ń hù nínú adágún yẹn ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbé igi, kò mọ̀ pé igi tí kò wúwo wà láyé.

Atẹ́gùn ọyẹ́ náà tún ní tirẹ̀. Tó bá fẹ́ gidi, á ti gbogbo omi lọ sí òdìkejì. Ọkọ̀ tí o so mọ́ inú omi láàárọ̀, orí ẹrẹ̀ lo máa bá a ní ọ̀sán. Ṣe ni wọ́n á jókòó máa dúró de omi bí ẹni ń dúró de àlejò.

Ohun tó ya Kíkẹ́lọmọ lẹ́nu ní tirẹ̀ kò ní omi nínú. Ó ní ètè òun là, imú òun ṣẹ̀jẹ̀, ọyẹ́ òwúrọ̀ sì mú òun débi pé òun ń gbọ̀n. Tó bá di oṣù kẹrin, ooru á dà bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn ààrò búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n dé, Ìbíkúnlé ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó lóṣòó. Ó ń fọ abọ́.

"Ìyá Ṣìmí," ó ní, "o lóṣòó."

Kíkẹ́lọmọ wo orúnkún rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó dìde, ó tún lóṣòó, ó tún dìde. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nítorí bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ lò di ọdún mẹ́rin ààbọ̀. Ṣìmí wá bá wọn níbẹ̀. Ìbíkúnlé kan ọkọ̀ mọ́kànlá. Pákó láti Èkó ni ó ń lò, ṣùgbọ́n ó ń kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbẹ lábẹ́ òòrùn Bàgá fún oṣù méjì kí ó tó kàn wọ́n. Ọkọ̀ Àrìnpé ń kó ẹja wá sétí omi, lọ́rì sì ń gbé e lọ sí Ọ̀yìngbò títí inú obìnrin náà fi dùn.

Kíkẹ́lọmọ ló ní kí wọ́n padà sílé. Ó ti di oṣù karùn-ún ọdún 1991, òjò kò tíì rọ̀ láti oṣù kẹsàn-án. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìkùukùu ṣú, òjò sì rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Àwọn ọmọdé sáré jáde. Kíkẹ́lọmọ náà jáde sí i pẹ̀lú gèlè lórí, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, kò wọlé títí ó fi dá. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ara mi dá níbí, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń darúgbó, mi ò sì rí ẹni bá ṣẹ̀fẹ̀ lédè mi. Jẹ́ ká lọ."

Ìbíkúnlé kò gbé e padà sí Ìwáyà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Sùúrùlérè ló gbà, ní ibi tí atẹ́gùn ń gba ojú fèrèsé méjì kọjá. Orúnkún náà ṣì ń dùn ún tí òjò bá pọ̀, àmọ́ kò wú bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì fi igi tilẹ̀ mọ́.

Mo bi í nígbà kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, nínú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló dára jù?"

Ó ní, "Fún ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, odò inú igbó. Fún egungun àgbàlagbà, Bàgá. Fún ẹni tó fẹ́ jẹun lórí omi láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, Èkó ni, tó bá lè gba iyọ̀ àti atẹ́gùn rẹ̀ mọ́ra."

Kíkẹ́lọmọ tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Ibi tí omi bá ti ya á lẹ́nu, ibẹ̀ ló dára lójú rẹ̀."

Ní ọdún 1996, ó kan ọkọ̀ kan tí yóò máa kó èrò ogójì lórí ọ̀sà, èyí tó tóbi jù nínú gbogbo èyí tó ti kàn. Mo bá wọn lọ sí Òkò Bàbá ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa tì í sómi. Ènìyàn méjìdínlógún ló tì í lórí ìtì igi. Kíkẹ́lọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá láti ojú títì. Nígbà tí imú ọkọ̀ náà kan omi, ó tẹrí ba, ó tún gbérí sókè, ó sì dúró déédéé lórí ọ̀sà tó tẹ́ rọrọ.  Ìbíkúnlé, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, wà nínú omi dé itan, ó sì ṣí fìlà rẹ̀.